Mo Kí Wọn Nínú Fóònù, Wọn Ò Dáhùn

Abà Ìdí-Ìyeyè,
Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Mubarakah ọmọ mi, Àwẹ̀ró ọmọ Jàfárù,

O kú iṣẹ́ o. O kú òjò, o kú ẹrẹ̀, o kú ìrọ́jú Èkó. Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Ṣé ikọ́ tó ń ṣe ọ́ nígbà Iléyá ti lọ? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde, àbí búrẹ́dì àti mínírà ni o ṣì fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí iná lọ lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń kánjú, aṣọ tí o bá gé ò ní kéré ju ẹni tó ni ín lọ. Mo mọ̀ pé kíkí yìí ti ń pọ̀, ṣùgbọ́n kíkí ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí, nítorí náà fara balẹ̀ gbà á.

Nílé, gbogbo wa wà, a ò sọ pé kò sí. Orúnkún bàbá rẹ ṣì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá fẹ́ rọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́, gbogbo abà ló ń wá bi wọ́n léèrè bóyá kí àwọn sá ẹ̀gẹ́ síta àbí kí àwọn kó o wọlé. Ewúrẹ́ dúdú tó já okùn lọ́jọ́ Iléyá, tí o sá tẹ̀lé títí dé etí odò, ti bímọ. Akọ ni, a sì sọ ọ́ ní Àjàbọ́, nítorí ìyá rẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Òrùlé ibi tí mo ti ń yan gàrí ń jò, omi ń kán sínú agbada, gàrí tó yẹ kó gbẹ ń fẹ́ di ẹ̀bà lórí iná. Màá padà sórí ìyẹn nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́rọ́ọ̀mù yín ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni, bí mo bá pè ọ́ láti ọjọ́ mélòó kan yìí, ńṣe ló ń dún tí kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní bóyá aṣọ oníbàárà ló pọ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo lọ ilé-ìwé àgbà, tí mo fi lè kọ Yorùbá bí gẹ̀ẹ́sì ò tilẹ̀ yé mi. Sàkàrìyáù tó ń kó iṣu wá sí ọjà Ìkòtún ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó ní òun á wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkòtún wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Egan. Jọ̀ọ́, fún un ní omi tútù, má sì jẹ́ kó dúró síta.

O rántí pé nígbà Iléyá, inú rẹ ò dùn. A pín ẹran, o ò jẹ. Fóònù ń dún wín-ín wín-ín lápò rẹ, bó bá ti dún, ìwọ náà á mí kanlẹ̀. Ìgbà tí mo bi ọ́ lo sọ fún mi pé àwọn ará àdúgbò yín ní Egan dá fọ́rọ́ọ̀mù kan sílẹ̀ nínú fóònù, wọ́n sì fi ọ́ ṣe ádímíìnì. O ní nítorí gọ́tà ni ẹ ṣe dá a sílẹ̀, kí ẹ lè jọ gbẹ́ ẹ kí òjò ńlá tó dé, nítorí omi tó ń ṣàn láti òkè ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjá, lọ́dún tó kọjá ó sì wọlé ó ba léèsì ìyàwó tuntun jẹ́. Ṣùgbọ́n o ní láti ìgbà tí ẹ ti dá a sílẹ̀, èébú nìkan ni wọ́n ń gbẹ́. O ní bí kò bá yí padà, ìwọ á gbé oyè náà sílẹ̀ fún wọn, kí òjò wá ṣe bó bá ṣe wù ú. Mo ní kí o fi mí síbẹ̀ kí n rí wọn. O kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé bí mo bá ti fẹ́ mọ nǹkan, oorun kì í kun ojú mi. O fi mí síbẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, mo ti ronú lórí ádímíìnì yìí gan-an. O ní òun ló ń mú ènìyàn wọlé, òun ló ń lé ènìyàn jáde, òun ló sì ń ṣòfin. Mo ní kí wá ni à ń pè ní Baálẹ̀? Bàbá rẹ sì ní bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀ náà ni, wọ́n ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò tíì sí obìnrin tó jẹ Baálẹ̀ nílé àwọn, wọ́n fẹ́ pa àkùkọ, èmi ni mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Ohun tí kò yé mi títí di òní ni ibi tí ilẹ̀ ìlú náà wà. Níbo ni wọ́n ń jókòó sí? Bí ẹnì kan bá pa fóònù rẹ̀, ṣé ó ti jáde nílùú nìyẹn àbí ó ń sùn? Bí ọmọ bá bọ́ sáyé nínú ilé wọn, ṣé inú ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí? Mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

O wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé èmi ni ìyá rẹ, kí wọ́n má baà sọ pé ádímíìnì ń kó ẹbí rẹ̀ wọlé. Mo gbà. Mo ní bóyá bí wọ́n ti ń ṣe sí ìyá ọba nìyẹn, tí kì í lọ jókòó síbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń dájọ́. Mo tilẹ̀ bá ara mi yangàn díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí o padà sí Èkó, mo wẹ̀, mo ró ìró mi dáadáa, mo tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀ bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì kí wọn. Mo ní ẹ kú ilé o, ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Egan, àlejò ló dé, mo kí tọkùnrin tobìnrin, mo kí lándíọ́ọ̀dù, mo kí ayálégbé, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Mo rí gbogbo wọn bí wọ́n ti yọjú lójú fèrèsé róbótó róbótó, oníkálukú pẹ̀lú fèrèsé tirẹ̀. Bàbá rẹ rí i, wọ́n sáré lọ wọ ẹ̀wù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣí fóònù, wọ́n á ti wọ ẹ̀wù, wọ́n ní àwọn ò lè máa wà ní ìhòòhò lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wo àwọn láti Èkó.

Mo dúró de ìdáhùn. Kò sí. O ti kọ́ mi pé bí àmì méjì ìsàlẹ̀ yẹn bá ti di aláwọ̀ omi aró, wọ́n ti gbọ́. Mubarakah, wọ́n di aláwọ̀ omi aró! Wọ́n gbọ́! Ènìyàn tó ju igba lọ gbọ́ kíkí, wọn ò dáhùn. Níhìn-ín, ẹni tó bá gbọ́ kíkí tí kò dáhùn, bí kì í bá ṣe odi, a jẹ́ pé ó ní nǹkan nínú. Mo ní bóyá wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Mo tún kí wọn lọ́sàn-án, mo ní ẹ kú oúnjẹ. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Simeon wá na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ lásán, láìsí ara, ìka márààrún ló là sílẹ̀ gbàgà sí mi lójú. Wàká! Mo ní kí ni mo ṣe fún un? Bàbá rẹ ní kí n gbé fóònù náà wá, kí àwọn náà na tiwọn sí i. Ìgbà tí Raheemat tí a jọ ń yan gàrí rí i ló ní àwọn ọmọ òun náà máa ń fi irú ẹ̀ ránṣẹ́, ó ní wọ́n ń juwọ́ sí ènìyàn ni bíi ti ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń lọ. Kí ló dé tí kò lè fi ẹnu kí mi? Ṣé ó ń lọ sí ibì kan ni?

Mo wá ní bóyá kíkí gbogbo wọn pa pọ̀ ni kò dára, nítorí kíkí tí a bá da sáàárín ọjà, oníkálukú á rò pé ẹlòmíràn ni a kí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn láàárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí mo bá ti bá wọn lójú fèrèsé. Julius, mọ́tò ló gbé sójú fèrèsé tirẹ̀, mo kí i pé ẹ kú ọ̀nà. Adéolú wọ agbádá, ìyàwó dúró tì í pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, mo kí i pé ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní. Adéolú ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn. Ó ní ẹ ṣé Mama, ó ní ṣùgbọ́n ìyàwó náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ojú tì mí, mo ní ẹ kú ìfaradà. Ó ní láti ìgbà tó ti lọ, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa kí òun bẹ́ẹ̀, a sì jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bó ṣe ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Kò tíì mọ ata í lò.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ọkàn mi fà mọ́. Ìyá àgbà kan ni, irun rẹ̀ funfun lábẹ́ gèlè aró, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Orúkọ tó wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí náà mo ń pè é ní Ìyá Onígèlè Aró. Mo ní ẹgbẹ́ mi rèé, Ọlọ́run ṣé é. Láràárọ̀ ni mo ń kí i, mo ń bi í bóyá oorun ń kun ún, mo ń bi í léèrè ẹni tó bá a di gèlè. Kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ló máa ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Òfin tí o lẹ̀ mọ́ òkè fọ́rọ́ọ̀mù náà, mo kà á, o ṣé tí o kọ ọ́ ní Yorùbá náà. Àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo wọn máa bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé ẹni tó bá bú ẹlòmíràn á jáde. Òfin gidi ni. Àmọ́ o mọ̀ pé èmi máa ń wádìí nǹkan, mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mi ò rí ibi tí o ti kí wọn kí o tó ṣòfin fún wọn. Mo ní bóyá o kí wọn kí n tó dé.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀. Òjò kan ti rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, omi sì ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn kan. Báyọ̀dé, lándíọ́ọ̀dù tó ní ilé alájà méjì ní igun, ló sọ̀rọ̀ sínú fọ́rọ́ọ̀mù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó ń kó àjákù irin dà sínú gọ́tà ló dí i, ó sì dárúkọ rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí ẹni náà dáhùn ni mo mọ̀ ọ́n, àṣé Ìyá Onígèlè Aró ni! Mo ní kí ni ìyá àgbà ń fi irin ṣe? Mo ní bóyá irin àlòkù ló ń tà. Ìyá náà kọ ọ́ padà pé ìwọ Báyọ̀dé ni o mọ fẹ́ǹsì sórí ọ̀nà omi, o sì rò pé owó rẹ lè ra ojú ọ̀run. Báyọ̀dé ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè ibi tí ọ̀nà omi wà. Onígèlè Aró sì mú bàbá Báyọ̀dé láti orí dé ẹsẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa etí rẹ̀. Àwọn yòókù ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí ara wọn. Simeon ní kí ẹni tó bá ní gúgúrú pín in kárí. Ìwọ ádímíìnì lẹ òfin rẹ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ó dùn mí. Lándíọ́ọ̀dù ń bú ìyá arúgbó, ìyá arúgbó náà ń bú bàbá oníbàbá, àwọn tó kù ń fẹ́ gúgúrú. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo tẹ ibi ọ̀rọ̀. Mo ní Báyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, bí òtítọ́ ọ̀rọ̀ tilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo gèlè tó wà lórí ìyá yìí, ẹni tó lè bí yín ni. Mo ní ẹ̀yin náà, Ìyá Onígèlè Aró, ẹgbẹ́ mi, kí ni irú wa ń wá nínú èébú, irun yín ti funfun, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé rí ohun tí wọ́n máa rántí wa fún. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti ń kí yín, ẹ ò dá mi lóhùn rí, mi ò bínú, ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ orúkọ ọmọ yín kí n lè fi pè yín.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ jáde láti fèrèsé onígèlè. Ó kọ ọ́ pé Mama, kì í ṣe èmi lẹ̀ ń wò yẹn, ìyá mi ni. Ó ní wọ́n kú nínú Ramadan tó kọjá. Ó ní Múdàṣírù ni orúkọ òun, wẹ́dà ni òun, ṣọ́ọ̀bù òun ló wà ní ọ̀kánkán ilé Báyọ̀dé, òun sì gbé àwòrán wọn síbẹ̀ kí òun lè máa rí wọn ni.

Mubarakah, omi bọ́ lójú mi. Àṣé mo ti ń bi òkú léèrè bóyá oorun ń kun ún. Mo ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Múdàṣírù, ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn, ọjọ́ á jìnnà síra wọn. Mo sì bi gbogbo wọn léèrè, kì í ṣe pé mo ń bá wọn wí o, mo fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní láti Ramadan ni ọkùnrin yìí ti gbé ojú ìyá rẹ̀ tó kú sí fèrèsé, ẹ sì ń gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀, ṣé kò sẹ́ni tó bi í pé ojú ta nìyí?

Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Adéolú ló kọ́kọ́ sọ pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Julius náà sọ ọ́. Simeon na ọwọ́ méjì tó so pọ̀, kì í ṣe wàká lọ́tẹ̀ yìí, ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ rí fi ohùn gbàdúrà ní Lárúbáwá, mo ṣe àmín títí. Lókè fóònù, mo rí i pé Báyọ̀dé ń kọ nǹkan. Raheemat ti fi bí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n hàn mí. Ó ń kọ, ó dúró, ó tún ń kọ. Mo pe bàbá rẹ, wọ́n wọ ẹ̀wù, wọ́n wá jókòó. A jọ ń retí ohun tí Báyọ̀dé máa kọ.

Ká tó pajú dé, nǹkan kékeré kan jáde láàárín fóònù. Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ orúkọ rẹ wà níbẹ̀, mo mọ orúkọ rẹ níbikíbi tí mo bá ti rí i, nítorí mo ti kọ ọ́ sára àwo, sára àpótí ilé-ìwé rẹ, sára ìwé ìgbàwọlé. Mubarakah ni orúkọ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo kígbe. Mo ní ọmọ mi ti dáhùn! Láti ìgbà tí mo ti ń kí wọn, ìwọ ò tíì dá mi lóhùn rí lójú wọn, mo sì ti ń sọ fún ara mi pé oyè ni kò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù náà lọ bá Raheemat. Òun náà ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó wò ó dáadáa, ó ní ó dá òun lójú pé ẹ ṣeun ìyá mi ló wà níbẹ̀. Mo fi hàn ní mọ́sálásí. Mo fi han ìyá tó ń ta iyọ̀. Mo fi sùn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá kí wọn, fóònù á kọ̀, kò sí ibi tí mo lè tẹ̀ mọ́. Mo ní dátà ló tán.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà kan pè mí. Mo gbé e, ó ní òun ni Múdàṣírù, òun rí nọ́ńbà mi nínú fọ́rọ́ọ̀mù. Ó kí mi dáadáa, ó ń dọ̀bálẹ̀ nínú fóònù, mo gbọ́ tí irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé kí ni Báyọ̀dé kọ. Ó ní Báyọ̀dé kọ ọ́ pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mi ò mọ̀, ẹ má bínú. Ó ní ó pe òun ní ẹ̀yin, kò pe òun ní ìwọ. Ó ní ó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbà kí wọ́n wó igun fẹ́ǹsì rẹ̀, òun Múdàṣírù náà sì ti kó irin òun kúrò. Ó ní wọ́n ti dá ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò máa jáde gbẹ́ gọ́tà. Inú mi dùn dé ọ̀run. Mo ní kí ló wá dé tí mi ò rí wọn mọ́?

Ó wá ní Mama, ṣé ẹ ò mọ̀ ni, wọ́n lé yín jáde. Ó ní ádímíìnì ni, ó ní orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ó ní gbogbo wọn ló ń béèrè ní fọ́rọ́ọ̀mù pé Mama dà, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ní obìnrin náà ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó ní ẹni tó bí i ò kọ́ ọ.

Mo jókòó sórí àpótí. Gàrí wà lórí iná, ó ń jó, mi ò rò ó. Mo ní Múdàṣírù, má bú ẹni tó bí i, ẹni tó bí i gbìyànjú. Ó ní ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni? Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.

Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo sọ fún bàbá rẹ pé èéfín ni. Inú bí mi pẹ̀lú, nítorí mo rò ó pé nínú òfin tí o fọwọ́ ara rẹ kọ, ẹni tó bá bú ènìyàn ló ń jáde, mi ò sì rántí ẹni tí mo bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú náà rọlẹ̀, ohun tó kù nínú mi ni pé mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ohùn mi gùn jù ni? Ṣé àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn mi nínú rẹ̀ ni? Ṣé nítorí Adéolú ni, àbí nítorí pé mo kí òkú? Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Egan ń fi mí rẹ́rìn-ín tí o sì bẹ̀rù pé wọn á mọ ilé tí o ti jáde? Àbí ojú mi ló ń tì ọ́, Mubarakah? Sọ èyí tó jẹ́. Èyí tó bá jẹ́, màá gbà á, èyí tí mi ò lè gbà ni kí n má mọ̀.

Má rò pé mo ń bá ọ jà. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Má sì gbé oyè rẹ sílẹ̀ o. Nísinsìnyí tí wọ́n ti ń kí ara wọn, ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún jẹ Baálẹ̀ lé lórí ni. Sá lọ gbẹ́ gọ́tà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà, mú ọkọ́ ìwọ náà, má jókòó síwájú ẹ̀rọ.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ ò pọ̀. Fi dátà ránṣẹ́ sí mi, fi nǹkan díẹ̀ kún un fún páànù tí a máa fi bo òrùlé ibi ìyangàrí. Bàbá rẹ ní kí o rántí owó ẹ̀wù àwọn náà, wọ́n ní ẹ̀wù kan ṣoṣo ni àwọn ará Egan ń rí lọ́rùn àwọn. Lẹ́yìn náà, dá mi padà síbẹ̀. Má ṣàlàyé fún wọn, má bẹ̀ wọ́n, má lẹ òfin kankan. Ṣáà kí mi lójú wọn. Sọ pé ẹ káàárọ̀ ìyá mi, kí o dákẹ́. Mi ò tíì sọ ohun tí Múdàṣírù sọ fún ẹnikẹ́ni, bàbá rẹ, Raheemat, ìyá oníyọ̀, gbogbo wọn ló ṣì gbà pé o ti kí mi. Má jẹ́ kó di irọ́.

Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ. Omi ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, ẹrẹ̀ ò ní gbé ọ lẹ́sẹ̀. Ibi tí o bá ti kí wọn, wọn á dá ọ lóhùn. Ọmọ tí o máa bí á gbé ojú rẹ sí fèrèsé rẹ̀ nígbà tí o ṣì wà láàyè. Bí o bá ti kí mi, àní bó jẹ́ òru, màá dáhùn. Èmi kì í gbọ́ kíkí kí n dákẹ́.

Èmi ni ẹni tó bí ọ,
Nùsírátù.